Àgò, ìjánu àyà, yàrá wáyà àbí ká kàn ṣílẹ̀kùn? Èwo ló dáa fún ọmọ ológbò tó fẹ́ kọ́kọ́ rí ìta

Ọmọ ológbò tó bá ti ń sún mọ́ oṣù mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe é. Ẹ ṣílẹ̀kùn díẹ̀ ó ti yọrí, ẹ tì í ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ha igi ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ló ń ké bí ọmọ tí wọn ò fún lóúnjẹ, ẹ̀yin náà á wá dúró síbẹ̀ ẹ máa rò ó pé kí n jẹ́ kó lọ ni àbí kí n má jẹ́ kó lọ. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Agboolé lọ̀pọ̀ wa ń gbé, ìdílé mẹ́ta mẹ́rin á pín àgbàlá kan, mọ́tò ń wọlé mọ́tò ń jáde, ajá aládùúgbò sùn sẹ́nu géètì, kànga wà láàárín, abiyamọ adìyẹ ń kó ọmọ rẹ̀ kiri. Gbogbo wa la fẹ́ ológbò nítorí eku, àìsí nílé ológìnní ilé dilé èkúté, a mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹran kékeré yẹn máa fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ìta, a kì í fi bẹ́ẹ̀ rò ó, a kàn máa ń ṣílẹ̀kùn ni.

Mo ti tọ́ ọmọ ológbò mẹ́jọ láàárín ọdún mẹ́fà, mẹ́ta nílé tí mo háyà tẹ́lẹ̀ ní ìhà Wàǹdó, márùn-ún níbi tí mo wà báyìí. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo ti fọwọ́ ara mi dán wò, ìkarùn-ún ni èyí tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lò ní Kétu, mo ti lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì mo sì fojú mi rí i. Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo ẹ̀ ni pé ìta àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kéré, kó kéré débi pé ọmọ náà fúnra ẹ̀ lè yí padà wọlé nígbàkígbà tẹ́rù bá bà á, láìdúró dè yín. Ọmọ tó bá mọ ọ̀nà ilé kì í sá lọ síbi tí kò mọ̀. Òun ni mo fi ń wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí mo fẹ́ sọ yìí, owó tún wà ńbẹ̀, ta ló máa ṣọ́ ọ náà wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n òun lọ̀gá wọn.

Kẹ́ ẹ tó yan èyíkéyìí

Ẹ wo ìwé abẹ́rẹ́ ẹ̀ ná. Àrùn kan wà tí àwọn dókítà ẹranko wa níbí ń pè ní typhus, ti ológbò ni o, kì í ṣe ti èèyàn, ó máa ń jẹ́ kí ọmọ ológbò máa bì kó máa yàgbẹ́, omi ara ẹ̀ á gbẹ, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kòkòrò tó ń fà á lè wà nílẹ̀ fún bí ọdún kan kó má kú, torí náà kò dìgbà tí ọmọ yín bá pàdé ológbò míì, ibi tí ológbò aláìsàn kan ti kọjá nígbà kan ti tó. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n á tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra wọn títí ọmọ á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 12, ìyẹn ò ṣeé fi ṣeré rárá torí ajá tí kò lólówó ń rìn káàkiri ìgboro, ohun tó bá sì mú ológbò nínú ilé lè mú ẹ̀yin náà. Kí abẹ́rẹ́ tó pé, ilẹ̀ símẹ́ńtì tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín fọ̀ nìkan ni kí ẹsẹ̀ ẹ̀ kàn, kì í ṣe erùpẹ̀ àgbàlá. Oògùn aràn náà ń kọ́, àwọn aràn kan wà nínú erùpẹ̀ tó ń gba awọ ẹsẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló máa ṣọ́ ọ? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó ń jáde láago méje àárọ̀ tí kì í wọlé títí ilẹ̀ á fi ṣú kò lè yan ohun tí ìyá àgbà tó wà nílé látàárọ̀ lè yan, ká má tan ara wa. Ẹ tún wo àgbàlá yín bóyá ó ní ògiri àbí ó ṣí sí títì. Ẹ wo ìwà ọmọ náà: àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbọ́ ìró ìkòkò wọ́n á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì di ọ̀sán, àwọn kan wà tí wọ́n á lọ gbóòórùn imú ajá. Ọ̀nà tó gba ojo ò gba aláyà.

Owó ni mo fi sẹ́yìn, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Èyí tó wọ́n jù kọ́ ló dáa jù, ẹ máa rí i.

Àgò adìyẹ

Òun ni mo fẹ́ràn jù fún ìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní fi pamọ́. Àgò tí wọ́n hun, èyí tí wọ́n fi ń kó adìyẹ lọ sọ́jà, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ níbòòji. Mo ra tèmi lọ́jà Adjarra, owó ẹ̀ kò tó ti kílò ẹran màlúù kan, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ mi báyìí.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Ẹnu ọ̀nà yàrá gan-an ni mo máa ń gbé e sí, kì í ṣe àárín àgbàlá, mo tẹ́ ẹní sábẹ́ ẹ̀, mo fi bíríkì gbé etí ẹ̀ kan sókè níbi tó kọjú sí yàrá, mo fi pákó dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó fi jẹ́ pé ọmọ ológbò lè ti inú yàrá wọnú àgò kó tún padà ṣùgbọ́n kò lè gba ibòmíì jáde. Bíríkì míì wà lórí ẹ̀ kí ajá má baà yí i dànù. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 10 tó. Ọmọ kan tí mò ń pè ní Pupa, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń wo àgò yẹn láti inú yàrá tí kò wọ̀ ọ́, èmi náà ò tì í, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ mò ń ṣa ẹ̀wà. Ọjọ́ kẹrin ó wọ̀ ọ́, ó jókòó, adìyẹ kan kọjá níwájú ẹ̀, ó sá wọlé bí ọta ìbọn, kò pé ìṣẹ́jú méjì ó tún ti padà dé. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, torí ohun tí mo fẹ́ kó kọ́ gan-an nìyẹn, pé ẹ̀rù lè bà á kó sá wọlé, kó tún jáde. Ó ń gbọ́ ìró mọ́tò, ó ń gbóòórùn ọbẹ̀ ilé onílé, ó ń rí ajá láìjẹ́ pé ọwọ́ ajá tó o.

Àlébù ẹ̀ wà o. Kò ṣeé fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ sọ́jà, ẹni kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Lásìkò òjò, ẹ wo ilẹ̀ yíká dáadáa torí ìjàlọ, ẹran tó bá wà lábẹ́ àgò tí wọ́n dé pa kò ríbi sá sí, ìdí míì nìyẹn tí mo fi ń jẹ́ kí ẹnu ẹ̀ kọjú sí yàrá. Nígbà tí ọmọ bá sì máa fi pé oṣù mẹ́rin ààbọ̀, àgò ti kéré fún un, á bẹ̀rẹ̀ sí í ti í kiri. Ìbẹ̀rẹ̀ ni, kì í ṣe ibùgbé.

Ìjánu àyà

Èyí tí mò ń sọ yìí kì í ṣe okùn ọrùn o, ẹ jọ̀ọ́. Okùn ọrùn lè fún ọmọ ológbò lọ́rùn pa níbi tó bá ti fò látorí ògiri, mo ti rí i rí lágboolé kan, mi ò fẹ́ tún un rí. Ìjánu àyà máa ń yí ọrùn ká ó sì tún yí àyà ká lẹ́yìn apá iwájú, tó fi jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá fà á, àyà ló ń gbé e, ọrùn ò sí ńbẹ̀.

Àwọn tí mo rí nílé ìtajà ńláńlá, ajá kékeré ni wọ́n ṣe wọ́n fún, ọmọ ológbò á yọ́ jáde níbẹ̀ bí omi. Mo wá mú ọmọ náà lọ bá télọ̀ àdúgbò wa, obìnrin tó ń rán aṣọ ọmọdé, ó wọn ọrùn, ó wọn àyà, ó fi àjákù aṣọ tó nípọn rán ohun kan bí ẹ̀wù kékeré, ó fi ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n ń fi sí bàtà ọmọdé dè é, ó rán òrùka irin sí ẹ̀yìn ẹ̀ níbi tí okùn máa so mọ́. Owó iṣẹ́ ẹ̀ ò ju ti pé kó bá mi gé ètí aṣọ méjì lọ. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ ẹ̀, ìka mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Kẹ́ ẹ sì máa tún un wò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ torí ọmọ ń dàgbà, ohun tó wà dáadáa lọ́jọ́ Ajé lè ti máa fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Owó kọ́ ni wàhálà ẹ̀, àsìkò ni. Ẹ ò lè wọ̀ ọ́ fún un lónìí kẹ́ ẹ mú un jáde lónìí. Ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó máa gbóòórùn ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ẹ wọ̀ ọ́ fún un nínú yàrá fún ìṣẹ́jú 5. Á ṣubú lulẹ̀ bíi pé ẹsẹ̀ ẹ̀ rọ, á dùbúlẹ̀ kò ní mira, ẹ máà jáyà, kò ṣàìsàn, bó ṣe ń ṣe gbogbo wọn nìyẹn. Ẹ ju ẹja díẹ̀ síwájú ẹ̀, á dìde. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú èyí tó yá jù, oṣù kan ààbọ̀ pẹ̀lú èyí tó le jù. Tẹ́ ẹ bá wá jáde, okùn tó gùn tó mítà méjì tó, òun ló ń mú yín rìn, ẹ̀yin ò mú un, ibi tó bá dúró sí ẹ dúró ńbẹ̀.

Ohun kan tí wọn ò sọ fún mi ni pé ológbò kì í sá síwájú nínú ìjánu, ẹ̀yìn ló ń fà sí. Dúdú ló kọ́ mi. A wà lẹ́nu géètì lọ́jọ́ kan, bàbá zémì (ọ̀kadà) kan tẹ fèrè lójijì, Dúdú tẹ orí mọ́lẹ̀ ó fi ẹ̀yìn rìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìjánu ṣófo lọ́wọ́ mi. Mo ti dè é kó gbà ìka mẹ́ta. Abẹ́ àtẹ ìyá tó ń ta gaàrì ló sá sí, láago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi wà ńbẹ̀, èmi náà jókòó sílẹ̀ níwájú àtẹ yẹn, mi ò lè lọ síbi iṣẹ́, ìyá náà ò lé mi, ó tiẹ̀ fún mi ní àpótí jókòó. Látìgbà yẹn, mi ò jáde láìmú àpò tí ọmọ lè wọ̀ dání àti aṣọ ìró kan. Tẹ́rù bá bà á, ẹ ju aṣọ bò ó, ẹ gbé e pẹ̀lú aṣọ, ẹ má fi okùn fà á. Kẹ́ ẹ má sì so okùn mọ́ òpó kẹ́ ẹ bá tiyín lọ, kódà fún ìṣẹ́jú kan, ajá á bá a níbẹ̀.

Tí mo bá gbé ìjánu sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò, àgò ló borí lórí ohun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ yẹn, torí nínú ìjánu ọmọ ò lè sá wọlé fúnra ẹ̀, ọwọ́ yín ló wà. Ohun tí ìjánu fi borí ni pé ó lè dé ibi tí àgò ò lè dé, ó lè fẹsẹ̀ kan koríko, ó lè gun igi kékeré, ara ẹ̀ á yá.

Yàrá wáyà

Nígbà tí mo kó dé ibi tí mo wà báyìí, onílé gbà kí n lo igun kan lẹ́yìn ilé. Káfíńtà kan ri òpó mẹ́rin, a ta nẹ́ẹ̀tì wáyà yí i ká, mítà méjì ní gígùn, mítà kan ààbọ̀ ní fífẹ̀, gíga ẹ̀ ju orí mi lọ, a ṣe ilẹ̀kùn sí i, a sì fi páìpù gbọọrọ kan so ó pọ̀ mọ́ fèrèsé yàrá mi kí wọ́n lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Owó tó gbà mí tó ìdajì owó oṣù mi nígbà náà. Òun ló wọ́n jù nínú gbogbo wọn, òun náà ló ṣeé gbára lé jù, òun nìkan ni mo lè fi wọ́n sí kí n lọ wẹ̀ kí ọkàn mi balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é dáadáa o. Ojú wáyà, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀ lọ, ibi tí orí ọmọ ológbò bá ti kọjá ara ẹ̀ á tẹ̀ lé e, ẹ máa rí ọmọ tẹ́ ẹ rò pé ó ti tóbi tó á gba ojú ihò kan jáde. Ẹ ri wáyà náà wọlẹ̀, ajá ń gbẹ́lẹ̀. Ẹ bo òkè ẹ̀ pátápátá, kì í ṣe torí kí wọ́n má gùn jáde nìkan, àwòdì ń bẹ lókè, ọmọ ológbò oṣù méjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ adìyẹ lójú ẹ̀. Páànù ni mo kọ́kọ́ fi bò ó, ibẹ̀ gbóná bí ààrò lọ́sàn-án, mo yọ ọ́, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lórí wáyà, ìyàtọ̀ pọ̀. Omi mímu gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀ nígbà gbogbo, pákó kan lókè tí wọ́n lè gùn, àpótí kan tí wọ́n lè wọ̀ sá pamọ́ sí.

Ẹni tó bá ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fàráńdà yín lè di yàrá wáyà pẹ̀lú owó tó kéré ju tèmi lọ, ẹ kàn ta nẹ́ẹ̀tì látòkè délẹ̀. Irin fèrèsé tí wọ́n jó síbẹ̀ nítorí olè kò dá ọmọ ológbò dúró, àárín ẹ̀ ni wọ́n ń gbà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Kí ni àlébù ẹ̀? Tẹ́ ẹ bá háyà ilé, onílé lè ní kẹ́ ẹ tú u. Ọmọ tó bá sì dàgbà sínú ẹ̀ nìkan kò mọ ajá, kò mọ mọ́tò, lọ́jọ́ tó bá ráyè jáde kò ní mọ ohun tó yẹ kó bẹ̀rù.

Àgbàlá pẹ̀lú ẹni tó ń ṣọ́ ọ

Èyí ni ọ̀pọ̀ wa rò pé a ń ṣe, ká ṣílẹ̀kùn, ká jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ká máa wò ó. Kò ná wa ní nǹkan kan. Ó dáa, ṣùgbọ́n fún ọmọ tó ti pé oṣù márùn-ún mẹ́fà tó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́, nínú àgbàlá tó lógiri nìkan. Níbi tó bá ṣí sí títì, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ wo àgbàlá láti ibi tí ojú ọmọ ológbò wà, èmi ṣe é, ohun tí mo rí ya mí lẹ́nu. Ihò wà lábẹ́ géètì. Ìdérí kànga ò dé dáadáa. Ike omi ńlá tí a fi ń fọṣọ kún dẹ́nu, ọmọ tó bá bọ́ sínú ẹ̀ kò rí ohun tó máa gùn jáde. Ẹnì kan ti ju májèlé eku sẹ́yìn àgbá, eku tó jẹ ẹ́ tí ológbò bá sì jẹ eku náà, ó lè mú ológbò pẹ̀lú. Mọ́tò tó dúró, ọmọ ológbò ń fẹ́ràn abẹ́ ẹ̀ torí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ sọ fún gbogbo ará ilé kí wọ́n wo abẹ́ mọ́tò kí wọ́n tó ṣáná sí i. Abiyamọ adìyẹ náà, ẹ lé e kúrò ńbẹ̀, ó lè sọ ojú ọmọ ológbò. Ọ̀pọ̀lọ́ nígbà òjò, ara ẹ̀ ní oró, tí ọmọ bá fẹnu kàn án tó ń da itọ́, ẹ fi omi fọ ẹnu ẹ̀.

Kí ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀ gbayawu ní gbogbo àsìkò tó bá wà níta. Ẹlòmíì á mú un jáde tán á ti ilẹ̀kùn kó má baà padà wọlé kó lè "mọ ìta", ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kó gun òrùlé tí kò mọ bó ṣe máa sọ̀.

Kí ìyá rẹ̀ mú un jáde

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ilé nìyí, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é náà nìyẹn, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń ṣe é ní Kétu nìyẹn. Ìyá ológbò á bí wọn sínú àká tàbí ẹ̀yìn àpótí, nígbà tí wọ́n bá pé bí oṣù kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eku wá fún wọn, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á máa tẹ̀ lé e jáde díẹ̀ díẹ̀. Mi ò lè sọ pé kò dáa, ó lẹ́wà láti wò, ìyá á ké ohùn kan báyìí gbogbo wọn á sá padà sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èèyàn tó lè kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ kọ́ mọ eku pa ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Ṣùgbọ́n ìyá ò lè dá zémì dúró. Ìyá ò mọ abẹ́rẹ́. Nínú ọmọ márùn-ún tí ológbò ẹ̀gbọ́n mi bí nígbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, méjì ló kù nígbà tí mo fi padà sí Àjàṣẹ́, ìkan ajá ló pa á, àwọn méjì yòókù kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí, ẹ̀gbọ́n mi sọ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, mo sì mọ̀ pé ó dùn ún torí òun ló ń gbé ẹja kalẹ̀ fún wọn lálaalẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ níbi tí ilé ò ti sún mọ́ títì, kẹ́ ẹ gún gbogbo wọn lábẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn abo kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jìnnà, torí abo lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ láti bí oṣù mẹ́rin, oyún ẹ̀ ò ju bí ọjọ́ 65 lọ, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ilé ti kún.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú

Ebi ni kẹ́ ẹ fi mú un jáde, kì í ṣe àyó. Kẹ́ ẹ tó fún un lóúnjẹ ni kó jáde, kó lè jẹ́ pé nígbà tẹ́ ẹ bá fi ṣíbí lu àwo á sá wá. Ẹ fi ohùn kan náà pè é sídìí oúnjẹ nínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Àárọ̀ kùtù ló dáa jù tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ológbò tó bá ń ya ẹnu mí bí ajá, oòrùn ti pa á, ẹ gbé e wọlé kíá. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ èyí ṣe pàtàkì gan-an, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe olùkọ́ níbẹ̀ sọ pé àpáta tó yí wọn ká máa ń gba oòrùn látàárọ̀ á ṣì máa gbóná lálẹ́, ejò àti àkeekèé sì ń bẹ lábẹ́ òkúta, torí náà òun kì í jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ òkúta, yàrá wáyà tó fi símẹ́ńtì ṣe ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló lò.

Ẹ má mú ọmọ jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí egúngún bá ń jáde ládùúgbò, tàbí ọjọ́ àjọ̀dún 10 oṣù kìíní, tàbí lásìkò Kérésì tí àwọn ọmọdé ń yin bángà. Ìró kan ṣoṣo lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè mú kó kórìíra ìta fún oṣù mẹ́ta.

Oògùn eégbọn tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ajá, ẹ má kán an sára ológbò láé. Èyí tó bá ní permethrin nínú ń pa ológbò. Ẹ ka ara páálí ẹ̀. Tí ajá tàbí ológbò tẹ́ ẹ ò mọ̀ bá sì bu ẹ̀yin fúnra yín jẹ níbi tẹ́ ẹ ti ń gba ọmọ yín sílẹ̀, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tí ọmọ ẹ̀ kò tíì gba gbogbo abẹ́rẹ́, àgò lórí símẹ́ńtì, kò sí èkejì. Ẹni tó ń gbé yàrá kan nínú agboolé, tí kò lówó káfíńtà, tó sì ń wà nílé ní ìrọ̀lẹ́, kó fi àgò bẹ̀rẹ̀ kó bọ́ sórí ìjánu nígbà tí àgò bá kéré, bí mo ṣe ṣe é ní Wàǹdó nìyẹn. Ẹni tó ń jáde látàárọ̀ dalẹ́, yàrá wáyà tàbí fàráńdà tí a ta nẹ́ẹ̀tì sí ni kó tọ́jú owó fún, títí owó á fi pé kí ọmọ dúró sínú ilé lójú fèrèsé, ológbò tí kò jáde kì í kú nítorí pé kò jáde, ẹ bá a ṣeré ni. Ọmọ tó lójo, ẹ má fi ìjánu yọ ọ́ lẹ́nu, àgò tàbí wáyà ni tiẹ̀. Aláyà tó ń wá ibi tó máa gùn, ìjánu bá a mu jù, kẹ́ ẹ dè é dáadáa. Ẹni tó ní àgbàlá olódi tí kò sí ajá nínú ẹ̀, tó sì ní ọmọ oṣù mẹ́fà, ẹ lè ṣílẹ̀kùn kẹ́ ẹ jókòó tì í. Ọ̀nà ti ìyá ológbò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lóko nìkan, kẹ́ ẹ sì pe dókítà ẹranko tẹ́lẹ̀.

Tèmi, èyí tó kéré jù nílé báyìí, abo kan tí etí ẹ̀ funfun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù fún un kó gba abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Láàárọ̀ yìí ó ti wọ àgò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti sá wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, bí mo ṣe ń kọ èyí ó ti tún yọ orí síta.